Nìjẹ̀r, ilẹ̀ ńlá tó wà ní òkè Ọya



Bí ẹ bá dé ọjà Arzèkè, ẹ yà sí ìsọ̀ àwọn alálùbọ́sà. Ẹ ó rí àlùbọ́sà kan tó rí roboto, tí awọ rẹ̀ pọ́n, tó máa ń fa omi jáde lójú ẹni tó bá ń gé e. Galmi ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé orúkọ irúgbìn lásán ni. Rárá o, ìlú ni Galmi. Ó wà ní ẹkùn Tahoua ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r. Irúgbìn ibẹ̀ ti tàn káàkiri apá ọ̀dọ̀ wa yìí, tó fi jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ Malanville náà ń gbìn ín létí odò.

Lọ́jọ́ kan ní kíláàsì wa ní Titirou, mo béèrè pé, "Ta ló mọ Nìjẹ̀r nínú yín?" Ọwọ́ mẹ́ta péré ló nà sókè. Bàbá kan ti ṣe àpàràntí ọkọ̀ akẹ́rù lọ́nà Niamey nígbà èwe rẹ̀. Ìyá kan máa ń kó gàrí lọ tà níbẹ̀. Ìyá kejì ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn yòókù ní, "Ibi tí màlúù ti ń wá ni." Wọn ò parọ́. Àmọ́ nígbà tí ẹnu ibodè tì ní ọdún 2023, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lára, àti ẹni tó na ọwọ́, àti ẹni tí kò nà án. Ìyá onígàrí yẹn ló ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí èèyàn lè mọ irú ilẹ̀ tó jẹ́, kí wọ́n sì mọ ìdí tí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fi máa ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀ wa.

Ilẹ̀ tóbi, èèyàn kò kún un

Odò Ọya ni àwa Yorùbá ń pe odò tí àwọn Faransé ń pè ní Niger. Ní Nàìjíríà, bí wọ́n bá ní "òkè Ọya", apá àríwá ilẹ̀ tiwọn ni wọ́n ń sọ. Ní tiwa níhìn-ín, bí a bá ti fi Ọya sẹ́yìn ní Malanville, Nìjẹ̀r la bọ́ sí. Odò yìí náà ni ilẹ̀ náà fi ń jẹ́ orúkọ.

Ẹ wo káàtì ilẹ̀ Áfríkà tó wà lára ògiri. Ẹ fi ìka tọ Bẹ̀nẹ̀, kí ẹ wá gbé ìka lọ sókè. Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 114,763 kìlómítà níbùú lóròó. Nìjẹ̀r jẹ́ 1,267,000. Bí wọ́n bá gé Nìjẹ̀r sí ọ̀nà mọ́kànlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa. Ẹ rò pé èèyàn ibẹ̀ náà á jẹ́ ìlọ́po mọ́kànlá tiwa? Ó ti o. Wọ́n ju mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Àwa náà ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́wàá láti ìgbà tí wọ́n ka èèyàn ní ọdún 2013. Kí ló wá dé tí ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò fi kún? Omi ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ẹni ń wọn nǹkan. Ká sọ pé a gbé àgbá kan tó ga síta ní Parakou ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àgbá tó jẹ́ pé bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ ni ìdí rẹ̀ fẹ̀. Ká sọ pé oòrùn kò fa omi inú rẹ̀, ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni kò sì mu níbẹ̀. Bí ọdún bá parí, omi òjò inú rẹ̀ á ga tó mítà kan àti díẹ̀, á dé àyà àgbàlagbà. Bí a bá gbé irú àgbá bẹ́ẹ̀ sí Niamey, tó jẹ́ olú ìlú Nìjẹ̀r, omi á kọjá orúnkún díẹ̀. Ní Agadez, tó wà lápá àríwá, omi kò ní ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ní Bilma, tó wà láàárín yanrìn, omi lè má bo ìdí àgbá.

Ìyẹn ló pín ilẹ̀ náà. Ìsàlẹ̀, lápá ọ̀dọ̀ wa àti ọ̀dọ̀ Nàìjíríà, ni àgbẹ̀ wà. Jéró, ọkà bàbà àti ẹ̀wà ni wọ́n ń gbìn, nítorí àwọn wọ̀nyí lè fara da òǹgbẹ. Òjò wọn kì í pẹ́, láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án ni. Bí a bá gòkè díẹ̀ sí i, oko á dín, darandaran á pọ̀: Fúlàní pẹ̀lú màlúù, Tuareg pẹ̀lú ràkúnmí. Lẹ́yìn ìyẹn, aṣálẹ̀ ló kù. Aṣálẹ̀ Sahara gba ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà lọ. Ẹ má rò pé ẹ ò mọ aṣálẹ̀ yẹn. Ọyẹ́ tó ń la ètè wa ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, tó ń fi eruku sórí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, aṣálẹ̀ ló ti ń gbé e bọ̀.

Nínú aṣálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ténéré, igi kan ṣoṣo wà níbẹ̀ rí. Igi kaṣíà ni. Kò sí igi mìíràn ní tòsí rẹ̀, títí tí èèyàn á fi rin ohun tó ju 150 kìlómítà lọ. Àwọn tó ń fi ràkúnmí ru iyọ̀ mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ gé ẹ̀ka rẹ̀ dáná. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ ilẹ̀ ju ọgbọ̀n mítà lọ láti wá omi. Ní ọdún 1973, awakọ̀ akẹ́rù kan lọ kọ lù ú. Ẹ wo bí aṣálẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, igi kan ṣoṣo, òun náà ni ọkọ̀ rí kọ lù! Wọ́n kó igi tó kú náà lọ sí Musée National ní Niamey, ibẹ̀ ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Wọ́n wá fi irin ṣe igi mìíràn dúró sí àyè rẹ̀ nínú yanrìn.

Òkè náà wà níbẹ̀. Àwọn òkè Aïr wà lókè Agadez, èyí tó ga jù nínú wọn ju 2,000 mítà lọ. Ní ìtòsí ibẹ̀, ní Arlit, ni wọ́n ti ń wa uranium láti ọdún 1971. Uranium ni òkúta tí wọ́n ń lò láti fi ṣe iná mànàmáná ní àwọn ilẹ̀ bíi Faransé. Ó ti pẹ́ tí iná ń tàn ní Faransé nítorí òkúta Arlit, tí ọ̀pọ̀ abúlé Nìjẹ̀r sì ń lo àtùpà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Odò tó ń kún lẹ́ẹ̀mejì

Ọya kò ṣẹ̀ ní Nìjẹ̀r. Láti orí òkè ilẹ̀ Guinée ló ti ṣẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọjú sí àríwá, ó lọ sí Mali bí ẹni ń lọ bá aṣálẹ̀ jà, ó dé ìtòsí Timbuktu, ó ṣẹ́rí padà, ó gba Nìjẹ̀r kọjá fún bí 550 kìlómítà, ó di ààlà láàárín wa àti wọn, ó wọ Nàìjíríà, ó sì lọ bọ́ sínú òkun. Gbogbo ìrìn rẹ̀ lé ní 4,000 kìlómítà.

Àwọn ará Niamey á sọ fún yín pé odò yìí máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ìkún kìíní pupa, ìkún kejì dúdú. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án, òjò ń rọ̀ ní tòsí, àgbàrá ń wọ́ ilẹ̀ pupa lọ sínú odò, omi á pọ́n. Ìyẹn ni ìkún pupa. Òjò tó rọ̀ ní Guinée ní àkókò kan náà kò tíì dé. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, ilẹ̀ Mali sì tẹ́jú, omi á tàn kálẹ̀ sínú àbàtà níbẹ̀, á máa rìn bí aláboyún. Oṣù kejìlá, oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò retí omi, ló máa ń dé Niamey. Ilẹ̀ pupa kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ó dúdú. Ìkún dúdú nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ìrẹsì àti àlùbọ́sà létí odò mọ méjèèjì, wọ́n sì ń fi ka oṣù.

Ìkún pupa máa ń pa nǹkan run. Ní ọdún 2020, omi wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Niamey. Ẹ rí i pé ilẹ̀ tí òǹgbẹ ń pa, omi náà ń pa á. Ilẹ̀ tó le bí àpáta, tí igi ti tán lórí rẹ̀, kò lè mu òjò. Bí òjò bá dé, á sáré lọ sí odò.

Ọ̀dá ńlá wáyé níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òmíràn tún dé ní 1984. Màlúù kú, ràkúnmí kú, darandaran kó wọ ìlú. Àwọn àgbà Titirou rántí àwọn Fúlàní tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí apá Borgou nígbà náà.

Èyí tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ Nìjẹ̀r ló kàn yìí. Tẹ́lẹ̀, lábẹ́ òfin tó wà láti ayé Faransé, igi jẹ́ ti ìjọba, kódà bó bá hù nínú oko rẹ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò wá rí ìdí tí wọ́n á fi máa tọ́jú ohun tí kì í ṣe tiwọn. Bí igi kékeré bá yọrí, wọ́n á gé e mọ́lẹ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1980, ní apá Maradi àti Zinder, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan mìíràn. Wọn ò gbin igi. Wọ́n wo kùkùté tó ti wà nínú oko, tó ń rú ẹ̀ka, wọ́n yan ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta tó gún, wọ́n gé ìyókù fi dáná, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tí wọ́n yàn dàgbà. Gbòǹgbò ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí igi náà fi ń yára ga. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni igi tí àwọn Haúsá ń pè ní gawo. Ó máa ń wọ́wé nígbà òjò, kì í ṣíji bo jéró, ewé rẹ̀ á jẹrà di ọ̀rá ilẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń rúwé, tí ewúrẹ́ á rí èso rẹ̀ jẹ. Àgbẹ̀ kan rí ti ẹnì kejì, ó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tàn dé orí ilẹ̀ tó ju mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà lọ. Ìjọba sì yí ọwọ́ òfin padà. Ẹ wo oko tiyín lọ́la, ẹ ka iye kùkùté èmi tó ń rú tí ẹ máa ń fi àdá gé lọ́dọọdún.

Ẹranko náà kò gbẹ́yìn. Ní Kouré, tí kò jìnnà sí Niamey, àwọn àgùnfọn tó kẹ́yìn ní gbogbo apá Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà ló wà níbẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1990, bí àádọ́ta péré ló kù. Àwọn ará abúlé gbà láti máa ṣọ́ wọn, wọn kì í pa wọ́n, wọ́n ti ju ẹgbẹ̀ta lọ lónìí. Igbó W tí a jọ ní, àwa, Nìjẹ̀r àti Burkina Faso, ẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀. Odò ibẹ̀ ló ṣẹ́ kọrọ bí lẹ́tà W, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ lẹ́tà báyìí, ẹ lè fi ìka kọ ọ́.

Àwọn èèyàn rẹ̀ àti ogún wọn

Haúsá ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tí àgbà wa ń pè ní Gàǹbàrí. Lẹ́yìn wọn ni Zarma àti Songhay, tó wà lápá odò. Fúlàní wà, Tuareg wà, Kanuri tí a ń pè ní Bèríbérí wà, Gurma, Lárúbáwá àti Toubou náà wà. Èdè Dẹ́ńdì tí ẹ ń gbọ́ ní Parakou lójoojúmọ́, tí onísọ̀ fi ń ná ọjà ní Arzèkè, ọmọ ìyá èdè Zarma ni. Ẹni tó bá gbọ́ Dẹ́ńdì dáadáa kì í sọnù ní Niamey. Bàbá tó ṣe àpàràntí ọkọ̀ nínú kíláàsì wa jẹ́rìí sí i: ó ní ọjọ́ kìíní tó débẹ̀ ló ti ra oúnjẹ fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe òní la ti mọra. Kí mọ́tò tó dé, àwọn oníṣòwò ń gbé obì láti ilẹ̀ Gonja, tó wà ní Ghana òde òní, kọjá ní ilẹ̀ Bàrìbá, lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Obì gbàǹja tí ẹ ń pín níbi ìsọmọlórúkọ, Gonja yẹn ló ti gba orúkọ. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ń sùn ní Djougou, ní Parakou, ní Nikki, wọ́n ń gbé ìyàwó, wọ́n ń bímọ. Nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀, iyọ̀, káún, aṣọ àti awọ ni wọ́n ń rù. Bilma, níbi tí òjò kò ti ń rọ̀, ló ní iyọ̀. Wọ́n ń mọ iyọ̀ náà bí odó, wọ́n ń dì í sẹ́yìn ràkúnmí, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn ju 500 kìlómítà lọ nínú yanrìn kí wọ́n tó dé Agadez.

Agadez yẹn, ó yẹ kéèyàn mọ̀ ọ́n. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, amọ̀ bíi ti ilé àwọn bàbá wa. Mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ní ilé gogoro kan tó ga tó mítà 27, amọ̀ àti igi nìkan. Wọ́n ti kọ́ ọ láti ọdún 1515, wọ́n tún un kọ́ ní 1844. Àwọn igi tó yọ síta lára rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, orí wọn ni àwọn mọlémọlé ń dúró sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún amọ̀ rẹ́ ẹ. Ní ọdún 2013, àjọ UNESCO kọ àárín ìlú Agadez sínú ìwé ogún gbogbo ayé. Sultan ṣì wà níbẹ̀, ó wà ní Zinder náà. Zinder yìí ni olú ìlú tẹ́lẹ̀, kí àwọn Faransé tó gbé e lọ sí Niamey ní ọdún 1926.

Ní 2014, UNESCO tún kọ nǹkan mìíràn ti Nìjẹ̀r sílẹ̀: àwàdà láàárín ẹ̀yà àti ẹ̀yà. Bèríbérí lè pe Fúlàní ní ẹrú rẹ̀ láàárín ọjà, kí Fúlàní náà dá a lóhùn pé òun ló ra bàbá rẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n á fi pín in. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bínú. Bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣàwàdà ni wọ́n máa ń pè láti bẹ̀bẹ̀.

Ohun kan wà tó kan àwa tí à ń kọ́ ìwé ní èdè abínibí. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba ológun Nìjẹ̀r kéde pé Haúsá ni èdè orílẹ̀-èdè, pé Faransé di èdè iṣẹ́ lásán. Inú àwọn kan dùn. Àwọn mìíràn tí kì í ṣe Haúsá béèrè pé tiwọn ńkọ́. Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin Yorùbá, Bàrìbá àti Dẹ́ńdì tí ẹ jọ ń gbé Titirou.

Ìjọba

Ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín òmìnira wa àti tiwọn. Tiwa jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960, tiwọn jẹ́ ọjọ́ kẹta. Hamani Diori ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1974, nígbà ọ̀dá, àwọn ológun tí Seyni Kountché ṣáájú wọn gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ìrànwọ́ tí kò dé ọwọ́ ẹni tí ebi ń pa wà lára ohun tí wọ́n sọ. Ẹ rí i pé òjò tí kò rọ̀ lè wó ìjọba.

Lẹ́yìn tí àwa ṣe ìpàdé àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wa ní 1990, àwọn náà ṣe tiwọn ní 1991. Wọ́n dìbò, ológun tún dé ní 1996, wọ́n tún dé ní 1999, wọ́n tún dé ní 2010. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Mahamadou Issoufou gbé ìjọba fún Mohamed Bazoum. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹni tí wọ́n dìbò yàn gbé e fún ẹni tí wọ́n dìbò yàn. Kò pé ọdún mẹ́ta. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ, tí Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani ṣáájú wọn, mú Bazoum, wọ́n gba ìjọba. Ní oṣù kẹta 2025, wọ́n búra fún Tiani láti ṣe ààrẹ fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká.

Ẹnu ibodè

Ilẹ̀ Nìjẹ̀r kò ní etíkun. Orílẹ̀-èdè méje ló yí i ká: àwa, Nàìjíríà, Chad, Líbíà, Algeria, Mali àti Burkina Faso. Ẹni tó wà láàárín ilé tí kò ní ọ̀nà ìta, àgbàlá ẹlòmíràn ló máa gbà jáde. Kútọnu ni èbúté tó rọrùn fún Niamey jù, ó sì tó 1,000 kìlómítà sí i. Ìrẹsì wọn, ṣúgà wọn, símẹ́ǹtì wọn, ọkọ̀ wọn, ọ̀nà wa ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà kí ẹnu ibodè tó tì ní 2023. Àǹfààní ìyẹn kò mọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Ojú irin tó ti Kútọnu bọ̀ dé Parakou ní ọdún 1936, kìlómítà 438. Èrò wọn ni pé á lọ dé Nìjẹ̀r. Ní 1959, ilẹ̀ méjèèjì tilẹ̀ jọ dá àjọ OCBN sílẹ̀ fún un. Títí di òní, kò kọjá Parakou. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń rìn, ibi tí irin parí sí ni wọ́n ti máa ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ akẹ́rù láti lọ sókè. Bí Parakou ṣe di ìlú awakọ̀, alágbàrù, vọ́kánáísà àti olóúnjẹ nìyẹn. Ẹ lè sọ pé àìlè lọ irin ló bọ́ wa.

A ti bá wọn jà rí o. Láàárín odò, nítòsí Gaya, erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ Lété. Koríko rẹ̀ dára, darandaran wọn ń lọ síbẹ̀, àgbẹ̀ tiwa náà ń lọ. Ní òpin ọdún 1963, ọ̀rọ̀ Lété fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogun, Nìjẹ̀r sì lé ọ̀pọ̀ ará Dahomey tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ padà sílé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ojútùú. Ní 2001, ìjọba méjèèjì gbà láti gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague, ní ilẹ̀ Họ́láǹdì. Àwọn adájọ́ wo ìwé àtijọ́, wọ́n wo ibi tí omi ti jìn jù nínú odò, níbi tí ọkọ̀ omi ń gbà. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2005, wọ́n dájọ́. Nínú erékùṣù 25, Nìjẹ̀r gba 16, Lété sì wà nínú rẹ̀. Àwa gba 9. Ó dùn wá, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò yìnbọn.

Ọ̀rọ̀ 2023 kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí ológun gba ìjọba, àjọ CEDEAO, tí Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀, ní kí wọ́n ti ibodè. Afárá Malanville dákẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù tò lọ́nà fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2024, CEDEAO ní kí wọ́n ṣí i. Bẹ̀nẹ̀ ṣí tirẹ̀. Nìjẹ̀r kò ṣí tirẹ̀: ìjọba wọn ní àwọn ọmọ ogun Faransé wà ní Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n fẹ́ bá àwọn jà. Ìjọba wa ní kò rí bẹ́ẹ̀. Nìjẹ̀r yí ẹrù rẹ̀ gba Lomé àti Burkina Faso, ọ̀nà tó jìn, tí àwọn agbébọn sì wà lórí rẹ̀. Títí ọdún 2025 fi dé, ẹnu ibodè ọ̀dọ̀ wọn ṣì wà ní títì. Ní oṣù kìíní ọdún náà, Nìjẹ̀r, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú CEDEAO pátápátá.

Ohun kan ṣáà ń kọjá. Epo rọ̀bì wà ní Agadem, ní ìlà-oòrùn Nìjẹ̀r. Wọ́n ri ọ̀pá irin mọ́ ilẹ̀ fún bí 2,000 kìlómítà, láti ibẹ̀ dé etíkun wa ní Sèmè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìjọba wa kọ́kọ́ ní ọkọ̀ òkun kò ní gbé epo náà, nítorí ibodè tó tì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n gbà, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì gbé e. Epo ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, àlùbọ́sà kò rí orí afárá gbà. Èmi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá mi.

Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ló wá jẹun. Ẹrù tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń gbé, wọ́n ń já a sílẹ̀ létí odò ní Malanville, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Gaya díẹ̀díẹ̀. Owó ń lọ fún ẹni tó já a, ẹni tó rù ú, ẹni tó wà á, ẹni tó tún un rù. Ẹ ṣírò ìyẹn sórí àpò kan, ẹ ó mọ ìdí tí ọjà fi wọ́n.

Ìyá onígàrí wa wà lára àwọn tó há. Gàrí rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ní Malanville ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, òjò ń rọ̀ lé tápólì. Àwọn àpò tó wà nísàlẹ̀ hu olú. Ó ta díẹ̀ ní Malanville ní iye tí kò tó owó ọkọ̀, ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé ìyókù ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ ní Niamey, obìnrin Zarma kan tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò láti ìgbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́. Nígbà yẹn ìyá náà kò tíì mọ̀wé. Orí ló fi ń mú gbogbo gbèsè. Obìnrin Zarma yẹn fi ìdajì owó rán awakọ̀ kan sí i ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìdajì kejì ń wá díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti dé, ìyá á gbé ìwé rẹ̀ jáde ní kíláàsì, á kọ orúkọ oníbàárà, á kọ iye, á kọ ọjọ́, á ní kí n wò ó bóyá ó pé.